RCS láàárín iPhone àti Android: nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí n tó gbọ́ ohun tí Màámi sọ

Alẹ́ àná, aago mọ́kànlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ibi iṣẹ́, mi ò tíì bọ́ bàtà, fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni, fídíò ìkómọ ni wọ́n fi ránṣẹ́. Fídíò tí mo ti ní tẹ́lẹ̀ ni o, ti October 2024. Mo tẹ̀ ẹ́, mo rí Màámi. Mo rí gèlè wọn, mo rí wúrà kékeré tó wà létí wọn, mo rí ìka wọn bí wọ́n ṣe tì í bọ inú oyin tí wọ́n fi kan ọmọ lẹ́nu, tí ọmọ sì la ẹnu pé kí wọ́n tún fún òun sí i. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí tí mo ń sunkún. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ ohun tí ojú mi rí lórí RCS nìyẹn, ìyẹn ọ̀nà tuntun tí tẹ́ẹ̀sì ń gbà láàárín iPhone àti Android, kí ẹni tó bá wà nírú ipò tí mo wà má bàa jẹ irú ìyà tí mo jẹ.

Samsung ni mo ń lò, Houston ni mò ń gbé. iPhone ni ẹ̀gbọ́n mi ń lò, Minneapolis ni wọ́n wà. Ọmọ Amẹ́ríkà ni ọkọ wọn, gbogbo àwọn àna wa tó wà nínú gúrúùpù tẹ́ẹ̀sì ẹbí wa, iPhone ni tòkè tilẹ̀. Èèyàn mọ́kànlá la wà níbẹ̀, èmi nìkan ni Android. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ṣebí WhatsApp wà. Tó bá jẹ́ nílé ni, òótọ́ ni, ta ló tún ń fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ séèyàn ní Nàìjíríà tí kì í bá ṣe báńkì? Àwọn àna wa ò lò ó ní tiwọn, ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn sì ti yọ ọ́ kúrò lórí fóònù wọn látìgbà táwọn olè ti gba àkáǹtì wọn, tí wọ́n ń fi orúkọ wọn yá owó lọ́wọ́ gbogbo ẹbí títí dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ wa.

Ọjọ́ ìkómọ yẹn, nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò rẹ́ni gba iṣẹ́ mi ní ọsibítù, mi ò lè lọ. Wọ́n ṣe fídíò, wọ́n jù ú sí gúrúùpù, àwọn àna wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì ọkàn sí i. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ èmi ò ju èékánná lọ. Mo fẹ̀ ẹ́, gbogbo ẹ̀ di ṣíọ́ṣíọ́, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ojú ọmọ, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ọwọ́ Màámi. Ohùn wọn dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ kànga. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé ṣé o rí i, mo ní mo rí i, ẹ ṣé gan-an, ó dára. Irọ́ ni mo pa. Ta ló fẹ́ máa yọ ẹni tó ń tọ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́nu pé kó tún fídíò fi ránṣẹ́? Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù, tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ni pé nígbà tí oníkálùkù ń sọ owó sínú abọ́ omi tí wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ, mi ò gbọ́ kí ẹnì kankan dárúkọ tèmi sí i. Mo gbé e sínú, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó fà á. Tí iPhone bá ń bá iPhone sọ̀rọ̀, iMessage ni wọ́n ń lò, láti 2011 ló ti wà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbà. Tí Android kan ṣoṣo bá ti wọ àárín, ó di SMS (tẹ́ẹ̀sì lásán) àti MMS (tẹ́ẹ̀sì tó ń gbé àwòrán àti fídíò) àtijọ́, MMS ò sì lè gbé ju MB díẹ̀ lọ, wọ́n á wá fún fídíò náà pọ̀ títí tó fi máa wọ inú ẹ̀. Ní 2022 ẹnì kan bi Tim Cook, ọ̀gá àgbà Apple tó ń ṣe iPhone nígbà náà, ní gbangba nípa ọ̀rọ̀ yìí gan-an, pé òun ò lè fi àwọn fídíò kan ránṣẹ́ sí ìyá òun, èsì tó fọ̀ ni pé kó ra iPhone fún ìyá ẹ̀. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á. Àfi ìgbà tó di November 2023 tí Apple kéde pé àwọn náà máa gba RCS, September 2024 sì ni iOS 18, ètò tó ń darí iPhone, gbé e dé. RCS yìí, orí dátà ló ń gbà, Google Messages, áàpù tẹ́ẹ̀sì orí Android, ń fi fáìlì tó tó MB 100 ránṣẹ́ lórí ẹ̀. Inú mi dùn, mo ní ìyà ti tán.

Ìyà ò tán. Àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi àtèmi, tá a bá jọ ń sọ̀rọ̀ àwa méjì, RCS ni, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Tó bá ti di gúrúùpù, MMS. Mo wádìí wádìí, mo wá rí i pé tí ẹnì kan ṣoṣo nínú gúrúùpù ò bá ní RCS, gbogbo yín lẹ máa bá a padà sẹ́yìn. Ta lẹni náà? Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn. Láìnì olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń lò, àwọn tó ń háyà òpó lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńlá, mi ò ní dárúkọ wọn. Lórí fóònù àwọn àna wa, bọ́tìnnì RCS wà nínú Settings. Lórí ti ẹ̀gbọ́n mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá.

La bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe kọ́sítọ́mà kéà. Àwa méjèèjì jọ wà lórí ìpè, ọmọ ń ké lábẹ́ ẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní ká pa fóònù ká tún un tàn, a ṣe é, ó ní ká tún un ṣe, a tún un ṣe, ó wá ní ká tẹ Reset Network Settings. Gbogbo páásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi tó wà lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi pa rẹ́, bọ́tìnnì ò jáde. Ẹni kejì ní ká lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe fóònù, ká tó fèsì ó ti já ìpè. Ẹni kẹta, ìyẹn nínú December, fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo àlàyé wa tán, mo rò pé a ti rí ẹni tó gbọ́n, ló bá bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Kí ló dé tí ẹ ò ra iPhone fún àbúrò yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi kì í gbóhùn sókè, láti kékeré. Wọn ò gbé e sókè lọ́jọ́ yẹn náà. Wọ́n kàn ní, "Àbúrò mi ò ṣẹ̀ yín. Kò sí nǹkan tó ṣe fóònù ẹ̀. Láìnì tí mò ń sanwó ẹ̀ lóṣooṣù ni mo ní kí ẹ bá mi tún ṣe." Ọkùnrin yẹn gbé wa sórí orin, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì la fi gbọ́ orin kan náà, kò padà wá. Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Màámi padà sí Ìjẹ̀bú-Òde ní January, mi ò tíì rí fídíò ibi tí wọ́n ti gbàdúrà fún ọmọ.

February ni Ọlọ́run bá wa pàdé obìnrin kan. Kò sọ pé ká pa fóònù. Ó ní ká lọ sí Settings, ká tẹ General, ká tẹ About, ká wá tẹ orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà níbẹ̀. Ó ní kí la rí? Ẹ̀gbọ́n mi kà á: Voice & SMS. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ká ní ẹ ní RCS ni, ibẹ̀ yẹn ló máa wà, mi ò ní parọ́ fún yín, ọ̀dọ̀ wa ni kò tíì sí lórí iPhone, fóònù yín méjèèjì ò lẹ́bi. Ó ní òun máa kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀, ọjọ́ tó bá dé òun máa pè. Mo ní háà, oṣù mẹ́rin, èèyàn kan ṣoṣo ló sọ òótọ́ fún wa! Mi ò gbà pé ó máa pè ṣá.

Ó pè. Àná, lọ́sàn-án, nínú April. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù wọn dé iOS 18.4, kí wọ́n padà sí About yẹn, kí wọ́n dúró díẹ̀. Nǹkan kan gbé jáde pé àtúnṣe wà fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, wọ́n tẹ Update, ibi tó ti ń jẹ́ Voice & SMS di Voice, SMS & RCS. Ẹ̀gbọ́n mi kígbe, wọ́n ní obìnrin náà kígbe ní tiẹ̀.

Bí fídíò ṣe wọlé lálẹ́ nìyẹn, tó mọ́ rekete. Ní ìṣẹ́jú kẹta, Màámi tú ìdí ìró wọn, wọ́n yọ ogún dọ́là tí wọ́n ká sí kékeré, wọ́n sọ ọ́ sínú omi, wọ́n ní, "Eléyìí, ti àǹtí ẹ tó wà ní Houston ni, tó ń ṣiṣẹ́ òru kí aláìsàn lè sùn. Òun ló sọ ẹ́ ní Ìtùnú." Gbogbo ilé ní àmín. Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí.

Ní báyìí, tí wọ́n bá ń tẹ ọ̀rọ̀ mò ń rí i pé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, tí mo bá fi àmì ọkàn sí àwòrán ó ń dúró lórí àwòrán, kì í ṣe pé kí gbogbo gúrúùpù máa gba tẹ́ẹ̀sì pé "Loved an image". Ó dùn mọ́ mi gan-an. Ṣùgbọ́n gúrúùpù àtijọ́ kọ̀, kò yí padà, àfìgbà tá a dá tuntun sílẹ̀. Àwọ̀ ewé náà ni ọ̀rọ̀ mi ṣì ń ní lórí iPhone wọn, nígbà tí ti iPhone sí iPhone jẹ́ búlúù, ìyẹn ò kàn mí, àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń dùn, títí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi kọ ọ́ sínú ẹjọ́ tí wọ́n pe Apple ní March 2024. Èyí tó kàn mí ni pé, nígbà tí mò ń kọ eléyìí ní April 2025, ọ̀rọ̀ tó ń kọjá láàárín àwa méjèèjì ò tíì ní ààbò kíkún bíi ti iMessage, tó jẹ́ pé ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á nìkan ló lè kà á. Ní March 2025 ni GSMA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lágbàáyé, gbé ìlànà ẹ̀ jáde, Apple sì ní àwọn máa fi sí i. Títí dìgbà yẹn, mi ò ní fi nọ́ńbà káàdì tàbí páásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ má fi ránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ò kúrò lórí láìnì náà, wọ́n ti san ti oṣù mẹ́fà sílẹ̀ láàárọ̀ yìí nítorí obìnrin yẹn. Mo ti fi fídíò náà ránṣẹ́ sí Màámi.

Máàkì mi fún RCS láàárín iPhone àti Android: ìràwọ̀ 2 nínú 5.