Kọ̀mpáílà èdè C wo ló yẹ Commodore 64?

Ọdún 1982 ni kọ̀ǹpútà Commodore 64 jáde. Ìrántí rẹ̀ kò ju kílóbáìtì 64 lọ, nǹkan bíi mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 1 péré sì ni ẹ̀rọ 6510 tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ fi ń sáré. Láyé ìgbà náà, orí kọ̀ǹpútà yìí fúnra rẹ̀ ni Power C, kọ̀mpáílà kan (ètò tó ń sọ ohun tí a kọ ní èdè C di èdè ẹ̀rọ), ti ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú díráìfù dísìkì 1541 tó lọ́ra bí ìgbín. Lónìí, orí kọ̀ǹpútà ìgbàlódé la ti ń kọ ètò, tí a sì ń dán an wò nínú VICE, ètò tó ń ṣe bíi Commodore 64.

Kọ̀mpáílà cc65 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì ṣìnà. Ọ̀fẹ́ ni, ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ kún, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún Apple II àti Atari pẹ̀lú. Àmọ́ kò ní float, ìyẹn nọ́ńbà tó ní pọ́ìǹtì bíi 0.5, rárá, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣírò ìdajì àti ìdámẹ́rin yóò wá ọgbọ́n mìíràn dá sí i.

Stack, ibi tí ètò ń kó nǹkan sí fún ìgbà díẹ̀ nínú ìrántí, gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yíyan kọ̀mpáílà. Báìtì 256 péré ni èyí tí 6510 ní, kò sì lè gba gbogbo ohun tí èdè C fẹ́ kó sí i. cc65 wá ṣe stack tirẹ̀ sínú ìrántí, ṣùgbọ́n kó tó lè ka local variable kan (iye tí function, ìyẹn apá kan nínú ètò, ń lò fún ara rẹ̀ nìkan), ó ní láti kọ́kọ́ wá ibi tó wà níbẹ̀, èyí sì ń jẹ àkókò àti àyè. Bí a bá fi -Cl kún àṣẹ rẹ̀, yóò sọ àwọn local variable di static, ìyẹn pé àyè wọn kò ní yí padà, ìnira náà yóò sì dínkù, àmọ́ function tó bá ń pe ara rẹ̀ lè dàrú. Kọ̀mpáílà Oscar64 kì í dúró de àṣẹ bẹ́ẹ̀: gbogbo ètò ló ń yẹ̀ wò pọ̀, ó ń mọ function tí kì í pe ara rẹ̀, ó sì ń fún àwọn variable rẹ̀ ní àyè pàtó nínú ìrántí. Ó ní float pẹ̀lú. Kọ̀mpáílà llvm-mos náà mọ ọgbọ́n àyè pàtó yìí, àmọ́ ẹrù rẹ̀ wúwo jù fún ẹni tí eré kékeré kan ṣoṣo ń jẹ lọ́kàn.

Fún ètò tuntun tí yóò dúró sórí Commodore 64 nìkan, Oscar64 ni èmi yóò mú. cc65 ni mo fi sílẹ̀ fún ètò tí mo bá fẹ́ kó dé orí Apple II náà.