Wọ́n Ní Kí N Yọ Ọ́, Mi Ò Yọ Ọ́: Ojú Mi ní Ilé Ìtọ́jú Eyín Kan ní Bódìjà

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, eyín ni mo sì fi ń já òwú. Sísọ́ọ̀sì wà níwájú mi o, ṣùgbọ́n bí kọ́sítọ́mà bá dúró síni lórí, tí ọwọ́ méjèèjì wà lára aṣọ, ta ló ń wá sísọ́ọ̀sì? Àwọn eyín iwájú ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Èyí tó wá kó mi síyọnu kì í ṣe wọn. Eyín ẹ̀yìn kan ni, nísàlẹ̀ lápá òsì, èyí tí mi ò rán níṣẹ́ kankan ju ẹran jíjẹ lọ.

Oṣù Kọkànlá ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí aṣọ ẹbí ti kún ṣọ́ọ̀bù débi pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Omi tútù ló kọ́kọ́ ń ta á. Mo yẹra fún omi tútù. Nígbà tó yá, tíì gbígbóná náà ń ta á, bó bá sì ti ta á, á tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó rọlẹ̀. Òru ni akokoro yìí máa ń rántí mi jù. Màá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, màá fọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Mo fi omi iyọ̀ fọ ẹnu. Mo ki kànáfùrù bọ inú ihò rẹ̀. Mo gbé oògùn ìrora mì títí inú fi ń ta mí. Ìyá alágbo ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi bu ògógóró tí wọ́n rẹ egbò sí fún mi, ó ní kí n fi í sẹ́nu, kí n tẹrí ba, kòkòrò á máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tẹrí ba títí ọrùn fi ń ro mí. Itọ́ nìkan ló já bọ́.

Ibi àkọ́kọ́ tí mo lọ, wọ́n ní kí n la ẹnu, ọkùnrin kan fi irin kékeré tọ ihò náà, mo pariwo, ó ní, "Mummy, ó ti kẹ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, a ó yọ ọ́ nísinsìnyí." Kò yà á ní fọ́tò. Kò wo eyín mìíràn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo rántí. Wọ́n ti yọ mẹ́ta bẹ́ẹ̀ lẹ́nu tirẹ̀. Àwọn tó kù ti fì sí àyè tó ṣófo, èyí tó dojú kọ àyè náà lókè sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ṣàkì ti di ohun tó ń wò nínú abọ́ ẹlòmíràn. Mo ní mò ń bọ̀, mo sì wọ Micra lọ sílé.

Kọ́sítọ́mà mi kan ló júwe ti Bódìjà yìí. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mo ní ẹjọ́ wọn láti rò níwájú, mo sì tún ń lọ síbẹ̀. Aago mẹ́wàá ni wọ́n dá fún mi, ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá ààbọ̀ lù kí wọ́n tó pè mí. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ń tẹ fóònù. Bí mo bá béèrè, á ní, "Ẹ ṣì máa jókòó, Mummy." Káàdì jẹ́ ₦6,000, fọ́tò X-ray ₦5,000.

Dókítà ló mú kí n gbàgbé ìjókòó yẹn. Ọmọdébìnrin ni lójú mi, ó tẹ orúnkún díẹ̀ kí mi kó tó wọ ìbọ̀wọ́. Mo nawọ́ sí eyín tó ń dùn mí, ó ní a ó débẹ̀. Ó fi dígí kékeré wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti igun ọ̀tún lókè yí po, ó ń pe nọ́ńbà fún nọ́ọ̀sì tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó dé iwájú, ó dúró.

"Ẹ má bínú mà, ṣé aránṣọ ni yín?"

Mo wo ara mi bóyá òwú lẹ̀ mọ́ mi láṣọ. Kò sí. Ó gbé dígí mìíràn fún mi. Ní etí eyín iwájú lókè, ibi tí mo máa ń já òwú sí gan-an, kòtò tóóró kan wà níbẹ̀ bí ẹni fi fáìlì rẹ́ ẹ. Ó ní àwọn aránṣọ àti àwọn tó ń fi eyín di abẹ́rẹ́ mú máa ń ní in. Wọ́n fi hàn àwọn nílé ẹ̀kọ́ dókítà, ṣùgbọ́n ẹnu mi lòun ti kọ́kọ́ rí i lójúkojú. Èmi ń rán aṣọ fún ọdún mẹ́tàlélógún, òwú ń rẹ́ mi.

Ó wá dé orí èyí tó ń dùn. Ó fi ìdí irin kàn án, kọ́-kọ́. Ó fi òwú tó tutù bíi yìnyín kàn án, ó ń kà títí ìrora fi lọ. Fọ́tò ló yanjú ọ̀rọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, eyín mi funfun, òjìji dúdú kan sì wọ inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tó fara kan ìkejì rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ títí kan yàrá àárín níbi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ eyín ń gbé. Mo ní èmi kì í jẹ súìtì. Ó bi mí ohun tí mo ń mu nídìí ẹ̀rọ. Mo ní tíì oníṣúgà ni, kọ́ọ̀pù ńlá kan, màá máa tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ó ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Kòkòrò tó ń ba eyín jẹ́ kì í ṣe èyí tí ń já bọ́ sínú ògógóró, ojú lásán kò lè rí i. Ṣúgà ló ń jẹ, ohun kíkan ló ń yọ sórí eyín, ó sì máa ń tó bí ìdajì wákàtí kí itọ́ tó borí rẹ̀. Bí mo bá tún fẹnu kan kọ́ọ̀pù kó tó pé bẹ́ẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ká ní mo mu gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú búrẹ́dì, ìyà eyín náà ì bá dín kù.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Ó mú bírò, ó ya eyín sẹ́yìn ìwé. Ká ní ihò náà kò tíì kan iṣan, dídí lásán ti tó: wọ́n á gbẹ́ ibi tó kẹ̀ dànù, wọ́n á fi ohun aláwọ̀ eyín dí i, ₦25,000. (Ti bàbá mi láyé ọjọ́un, dúdú bí òjé ni, makúrì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n sin ín tòun ti dídí yẹn lẹ́nu.) Tèmi ti kọjá bẹ́ẹ̀. Mo lè yọ ọ́, kí n fi àyè sílẹ̀. Mo lè yọ ọ́, kí n fi eyín oníke tó ṣe é bọ́ lálaalẹ́ síbẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n ń so kọ́ eyín méjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á kọ́kọ́ fá àwọn méjèèjì tí kò ṣẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gbìn sínú egungun àgbọ̀n ju ₦500,000 lọ, mo ní ká má tiẹ̀ dé ibẹ̀. Tàbí ká gba eyín náà là: root canal. Wọ́n á kó iṣan tó ti ń kú kúrò, wọ́n á fọ inú gbòǹgbò, wọ́n á dí i, wọ́n á fi kráùn bò ó lórí.

Mo ní kí ló máa ṣe bó bá jẹ́ ẹnu ìyá ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun yọ tirẹ̀ ni, torí kò lè padà wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ibẹ̀ ni mo ti gbà á gbọ́. Ó tún ní bó bá jẹ́ owó ni, kí n lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tìjọba, ibẹ̀ lòun ti kọ́ṣẹ́, wọ́n ń ṣe é níbẹ̀ náà.

Abẹ́rẹ́ náà ta mí, kí n má parọ́, ṣùgbọ́n láìpẹ́ ètè òsì mi ti di ti ẹlòmíràn. Wọ́n na rọ́bà fẹ́lẹ́ kan bo ẹnu mi, eyín kan ṣoṣo yọrí bíi bọ́tìnnì tó gba ojú rẹ̀ jáde. Dókítà lu ihò sí eyín náà, ó ń ti àwọn irin kan bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí wọn lórí àwo, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ tí a fi ń to ìlẹ̀kẹ̀ sára léèsì. Ihò mẹ́ta ló wà nínú gbòǹgbò tèmi. Ẹ̀rọ kékeré kan ń dún pì-pì-pì bí irin bá ti ń súnmọ́ ìsàlẹ̀, kó má baà yọ sí òdìkejì. Omi tó fi ń fọ̀ ọ́ ń rùn bíi Jik, ó sì ní irú rẹ̀ gan-an ni, rọ́bà ni kò jẹ́ kó dà sí mi lọ́fun. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan. Èmi, rọ́bà, ẹnu lílà, nínú òkùnkùn, títí jẹnẹrétọ̀ fi gbéra. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Kí n tó lọ, dókítà fi síìmẹ́ńtì onígbà díẹ̀ dí i, òórùn rẹ̀ gba imú mi: kànáfùrù! Mo ní ìyá alágbo mi á gbọ́ èyí. Ó ní òróró inú kànáfùrù wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ó ń pa ìrora, kì í dí ihò.

Wọ́n kìlọ̀ fún mi kí n má jẹun títí ètè mi á fi jí. Ebi ń pa mí, mo yà sí olóúnjẹ kan nítòsí ọjà, mo ní kí wọ́n bu àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú. Mo rò pé pọ̀ǹmọ́ ni mò ń jẹ. Ètè mi ni. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wú. Ẹjọ́ wọn kọ́ nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ kejì, dókítà fi ohun pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń fi oje igi ṣe kún àwọn ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ya fọ́tò mìíràn. Ìlà funfun mẹ́ta, gbọọrọ, dé ìsàlẹ̀. Mo mọ ìlà tó gún bí mo bá rí i.

Ẹjọ́ wọn rèé. ₦90,000 ni wọ́n gbà fún root canal. Dókítà ti dárúkọ kráùn, èmi rò pé inú owó yẹn ló wà. Ọmọbìnrin ìdí tábìlì ló jẹ́ kí n mọ̀, nígbà tí mo ti di báàgì mi: "Mummy, ti kráùn yàtọ̀ o, ₦110,000." Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kìíní. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, dókítà ní eyín tí wọ́n ti gbẹ́ inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè là sí méjì bí mo bá fi gé eegun kan ṣoṣo, owó àkọ́kọ́ á sì wọmi. Wọ́n gbà kí n san án lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n dá, ó di mẹ́ta. Mo tilẹ̀ ti Mọ́kọ́lá lọ lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kò tíì ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe é dé. Wọn ò pè mí. Mo fẹ́ bínú, mo wá rántí iye ẹni tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún nínú oṣù Kejìlá. Nígbà tí kráùn dé, ó ga ju àwọn yòókù lọ. Dókítà ní kí n ge bébà aláró jẹ, ibi tí aró bá kùn ló ń rẹ́, títí òkè àti ìsàlẹ̀ fi bára mu. Ó funfun díẹ̀ ju ìyókù lọ. Ẹ̀yìn ló wà.

Oṣù kẹrin rèé, mo ti ń jẹ ṣàkì. Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ọmọbìnrin ìdí tábìlì ló jẹ ọ̀kan yòókù. Dókítà dí kòtò eyín iwájú yẹn náà fún mi lófẹ̀ẹ́, ó ní bí mo bá tún fi já òwú, á bọ́. Mo ti fi okùn so sísọ́ọ̀sì kékeré mọ́ ọrùn. Dídí náà ti bọ́ lẹ́ẹ̀kan.