Rédà tó ń dákẹ́ gbọ́ àti rédà tí kì í dákẹ́
Rédà ni ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá nǹkan. Irú àkọ́kọ́ a ju ìgbì jáde, a dákẹ́, a sì dúró de èyí tó padà. Bí ó bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́, nǹkan náà wà ní nǹkan bí mítà 150. Fún ọkọ̀ òfuurufú tó jìnnà, òun ni kí ẹ mú.

Èkejì kì í sinmi. Bí a kò bá yí ìgbì rẹ̀ padà, kò lè sọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó, ṣùgbọ́n ó máa ń mọ ìrìn nǹkan tó ń sún mọ́ ọn tàbí tó ń jìnnà sí i. Òun ni mo fẹ́ràn nítòsí. Ẹ wo ẹni tó ń rìn bọ̀: àyà rẹ̀ ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́, apá àti ẹsẹ̀ ń fì síwájú sẹ́yìn, ìyípadà tí kálukú wọn ń fà sínú ìgbì sì yàtọ̀. Ọkọ̀ ilẹ̀ kì í fì apá, nítorí náà rédà yìí lè mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ọkọ̀.