Ìkòkò Lásán àbí Ẹ̀rọ Olópòó? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ohun Èlò Ìpọn Ọtí Líle Nílé

Gbogbo àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ìpọntí ló ń ṣèlérí ọtí tó mọ́, àmọ́ wọn kì í sọ ohun tí ẹ̀rọ wọn ń yọ kúrò. Ohun tó ń ba òórùn ọtí líle jẹ́ kì í ṣe ẹyọ kan. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń wá yàtọ̀, ohun èlò tó sì kápá ọ̀kan lè má rí èkejì gbé ṣe. Torí náà, kí ẹ tó bèèrè iye, ẹ kọ́kọ́ mọ àbùkù tí ẹ ń bá jà.

Ọ̀rọ̀ òfin ná: ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ pọn ọtí líle nílé, ì báà ṣe fún ẹnu ara rẹ̀ nìkan. New Zealand wà lára àwọn díẹ̀ tó gbà á láyè, láti 1996, bí onítọ̀hún kò bá ti ní tà á. Ẹ wádìí ti ibi tí ẹ wà kí owó tó jáde lápò.

Kí ló ń rùn gan-an?

Ìwúkàrà kì í mú ethanol, ìyẹn ọtí gan-an tí à ń mu, nìkan jáde. Ó ń mú acetaldehyde jáde, tó ń ta sí imú bí ápù tí kò tíì pọ́n. Ó ń mú ethyl acetate jáde, òórùn omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná nìyẹn. Ó sì ń mú àwọn ọtí wíwúwo tí wọ́n ń pè ní fusel jáde. Àwọn méjì àkọ́kọ́ máa ń tètè jáde nígbà tí a bá gbé e kaná, àwọn la ń pè ní orí. Àárín ló tẹ̀ lé e, òun là ń mu. Ìdí ló kẹ́yìn, níbi tí fusel àti àwọn èròjà ọlọ́ràá ti ń pọ̀ sí i, tí ọtí á máa rùn bíi páálí tó rin. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn èròjà tó ní imí-ọjọ́ nínú tún wà, tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ tàbí kábéèjì tí wọ́n sè jù. Ìyẹn ò mọ orí yàtọ̀ sí ìdí. Ó lè wà nínú gbogbo ẹ̀.

Àwọn olùtajà fẹ́ràn láti to ìwọ̀n ooru sílẹ̀: methanol, ìyẹn irú ọtí tó jẹ́ májèlé, ń hó ní 64.7°C, ethanol ní 78.4°C, isoamyl alcohol, tó jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn fusel, ní 131°C, àfi bí ẹni pé wọ́n á máa tò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn wà pẹ̀lú omi, wọ́n sì jọ ń hó ni. Ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wà nínú oru ló ń yí padà bí iṣẹ́ ti ń lọ. Kò sí tẹmómítà tó máa sọ fún yín ní pàtó ibi tí orí parí sí. Imú àti ahọ́n ló ń ṣe ìyẹn.

Ìkòkò lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ olópòó

Ìkòkò lásán ní ìdérí, ọrùn, àti páìpù tó gba inú omi tútù kọjá. Oru gòkè, ó tutù, ó kán sínú ìgò, ó tán. Omi ìpọntí, ìyẹn èyí tí ìwúkàrà ti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ tí a kò tíì sè, tó ní agbára 8 sí 10% máa ń di nǹkan bí 30% ní sísè àkọ́kọ́, ẹ ó sì tún un sè kó tó lé ní 60%. Èrè ibẹ̀ ni pé adùn èso tàbí ọkà tí ẹ fi pọn ọ́n á bá a dé inú ìgò. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé orí, àárín àti ìdí wọnú ara wọn. Kò sí ààlà gedegbe, ẹni tó bá sì ń sá fún orí tọkàntọkàn á da díẹ̀ nù nínú àárín.

Ẹ̀rọ olópòó ní tirẹ̀ ní òpó gígùn lórí ìkòkò, tí wọ́n ki wáyà bàbà híhun tàbí òrùka kéékèèké sínú rẹ̀. Ohun ìtutù kan wà lókè tó ń dá apá kan ọtí padà sísàlẹ̀. Oru tó ń gòkè ń pàdé ọtí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì di pé a ń tún un sè léraléra nínú òpó kan ṣoṣo. Aeneas Coffey gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú òpó tó ń ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró ní 1830. Tilé kéré sí ìyẹn púpọ̀, àmọ́ ọgbọ́n inú wọn jọra. Lẹ́ẹ̀kan péré, ọtí lè lé ní 90%. Ẹni tó bá ní tòun ń dé 100%, irọ́ ló ń pa: bí ethanol bá ti dé nǹkan bí 97%, òun àti omi tó kù á jọ máa hó pọ̀ ni, sísè lásán kò sì lè yà wọ́n mọ́.

Ibi tí òpó ti fakọ yọ ni orí. Kí ẹ tó gba ẹ̀kán kan ṣoṣo, ẹ ó jẹ́ kí gbogbo ọtí tó bá gòkè máa padà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, acetaldehyde àti ethyl acetate ń kó ara wọn jọ sókè òpó. Bí ẹ bá wá ṣí i díẹ̀, kó máa kán ní tó-tó-tó, orí á jáde nínú ìgò kékeré kan. Ẹ fi imú kàn án, á ta yín débi pé ẹ ó fà sẹ́yìn. Nínú ìkòkò lásán, orí yìí kan náà ì bá fara pamọ́ sínú ìgò mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn fusel ń jókòó sísàlẹ̀ òpó, torí níbi tí ethanol bá ti pọ̀, wọn kì í fẹ́ gòkè. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tiẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ òpó fà wọ́n jáde.

Àmọ́ òpó kò mọ adùn yàtọ̀ sí àbùkù. Ẹni tó fẹ́ ọtí èso tó ń ta sánsán, tó wá lọ ra òpó gíga, ọtí tí kò lójú tí kò nímú ló fi owó ara rẹ̀ rà. Bí ẹ bá fẹ́ méjèèjì, ẹ wá èyí tí òpó rẹ̀ ṣeé tú kúrò lórí ìkòkò.

Ẹ tún bèèrè bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ọtí tó ń padà. Nínú àwọn kan, ẹ ó máa yí omi tútù sókè sódò. Bí omi ẹ̀rọ bá rọ díẹ̀, gbogbo nǹkan ti dàrú nìyẹn. Nínú àwọn mìíràn, omi tútù dúró sójú kan, táàpù kékeré ló ń pinnu iye ọtí tí ẹ ń gbà. Èyí kejì ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Bàbà tàbí irin stainless

Imí-ọjọ́ ló dá ìjà yìí sílẹ̀. Bàbà máa ń gbá èròjà imí-ọjọ́ mú bí oru bá ti fara kàn án, ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi ń dúdú. Irin stainless kì í bá wọn jà; gbogbo òórùn yẹn á kọjá sínú ìgò. Síbẹ̀ stainless lágbára, ó rọrùn láti fọ̀, kò sì nílò ìtọ́jú púpọ̀. Bàbà tí a kò gbẹ dáadáa lè yọ nǹkan aláwọ̀ ewé, tí a gbọ́dọ̀ fi ọtí kíkan tàbí ásíìdì ọsàn wẹ̀ kúrò pátápátá kí a tó tún lò ó.

Tèmi ni pé kí ìkòkò jẹ́ stainless, kí bàbà wà lójú ọ̀nà tí oru ń gbà. Wáyà bàbà híhun tí ẹ ki sínú ọrùn ń ṣe gudugudu méje, ó sì ṣeé fọ̀, ó ṣeé pààrọ̀. Ẹ má kàn retí kó yọ orí tàbí fusel. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Èédú ìsẹ́ ọtí

Èédú tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí máa ń mú fusel àti àwọn èròjà ńlá mọ́ra. Kò rí acetaldehyde gbá mú dáadáa, methanol kò sì jẹ mọ́ ọn. Ẹ fi omi la ọtí náà dé 40 sí 50% kí ẹ tó sẹ́ ẹ, torí ọtí tó le jù kì í jẹ́ kí èròjà lẹ̀ mọ́ èédú. Páìpù gígùn tóóró tí ọtí ń gbà kọjá díẹ̀díẹ̀ dára ju èédú tí a kàn dà sínú ike lọ. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan èédú náà dáadáa kí eruku rẹ̀ má bàa bá ọtí lọ. Ẹ má fi ọtí èso kàn án; yóò gbé adùn rẹ̀ lọ.

Àwọn tó ní ẹ̀rọ wọn ń yọ gbogbo methanol

Ẹ má dá wọn lóhùn. Èròjà inú èso tí wọ́n ń pè ní pectin ni methanol ti ń wá ní pàtàkì. Ṣúgà lásán kì í fẹ́ẹ̀ ní in. Ìkòkò lásán kì í kó gbogbo rẹ̀ sínú orí, ó máa ń tàn káàkiri. Ọtí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti fi májèlé pò kò ṣeé gbà là nílé rárá, ẹ̀rọ yòówù kí ẹ ní.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀: òjé kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Rédíétọ̀ ọkọ̀ kì í ṣe ohun ìtutù fún ọtí, torí òjé yìí kan náà. Rọ́bà lásán àti ike kò gbọdọ̀ kan oru. Silicone tó dára tàbí PTFE (èyí tí wọ́n ń pè ní Teflon) ni kó wà lójú ìdè. Ẹnu ibi tí ọtí ń gbà jáde kò gbọdọ̀ ṣeé tì pa, torí oru tí kò rí ọ̀nà lọ máa ń bú ni. Oru ọtí sì tún ń gbaná wéré, torí náà iná mànàmáná sàn ju gáàsì lọ, àmọ́ bí irin ìgbóná rẹ̀ bá wà nínú ìkòkò, ẹ jẹ́ kí omi ìpọntí tòrò kí ẹ tó dà á sí i. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìwúkàrà tó bá jó mọ́ irin á mú òórùn jíjóná wá tí èédú ò ní rí yọ tán.

Owó tó bá kù, ẹ fi ra ìgò gíláàsì kéékèèké púpọ̀ dípò tẹmómítà olówó ńlá. Ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn lára, ẹ gba ọtí sínú wọn ní títò, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò wọ́n di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó gbóòórùn wọn láti pinnu èyí tó máa wọ àárín.