Ẹ mi ìdí òdòdó yẹn wò kẹ́ ẹ tó sanwó o!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn àtimáa gbin òdòdó bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá gbọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Àkọ́kọ́, cactus kékeré kan, òdòdó ẹlẹ́gùn-ún yẹn, ni mo rà, òdòdó pupa kan wà lórí ẹ̀ tó rẹwà gan-an. Oṣù kan, oṣù méjì, òdòdó ò rọ! Tómi bá ta sí i á padé, tó bá gbẹ á tún ṣí, ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé ó wà láàyè. Ọjọ́ tí mo fọwọ́ kàn án ló ń dún bíi bébà, mo wo ìdí ẹ̀, gọ́ọ̀mù! Òdòdó gbígbẹ ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn lórí.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló dùn mí jù. Róòsì ni, òdòdó kún orí ẹ̀ fọ́fọ́, ẹni tó tà á ní ó ti pẹ́ nínú ìkòkò yẹn. Ọjọ́ kẹrin ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, mò ń bomi sí i, mò ń bẹ̀ ẹ́, nígbà tí mo wá fà á báyìí ló bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi pákò, kò ní gbòǹgbò ẹyọ kan! Ẹ̀ka tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni wọ́n kì bọ yẹ̀pẹ̀. Mo pe ẹni tó tà á, ó ní omi tí mò ń bù sí i ló pọ̀ jù 😏

Òdòdó la máa ń wò, àwọn tó ń tà á sì mọ̀. Òdòdó orchid búlúù tí wọ́n ń tà ńkọ́, aró ni wọ́n fà sí i lára, tó bá tún yọ òdòdó míì funfun ló máa yọ. Ẹni tó bá ń ta kóró róòsì búlúù fún yín, ẹ sá, irọ́ ni. Róòsì búlúù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Japan lọ́dún 2009 pàápàá, àwọ̀ pọ́pù (purple) ló jọ.

Ní báyìí, ìdí ni mo kọ́kọ́ ń dì mú, màá rọra mì ín, tó bá ń ṣe jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́ mo ti lọ nìyẹn. Màá ní kí wọ́n yọ ọ́ níkòkò kí n rí gbòǹgbò, tó bá funfun ó dáa, tó bá dúdú tó ń rùn mi ò rà. Ẹ yí ewé wò lábẹ́ náà, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun bí òwú, kòkòrò ni, ó máa ran gbogbo èyí tó wà nílé. Èyí tó ṣì ní ìrudi tí ò tíì là ni kẹ́ ẹ mú. Ẹni tó bá sì ní ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Cactus yẹn ṣì wà lójú fèrèsé mi, mo ti já òdòdó irọ́ yẹn dànù, àmọ́ àpá gọ́ọ̀mù ò kúrò lórí ẹ̀.