ÌKÌLỌ̀: Ẹ má san owó Tundra tòkunbọ̀ kí ẹ tó bẹ abẹ́ rẹ̀ wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá Tundra tòkunbọ̀ rà, ìyẹn píkọ́ọ̀pù ńlá Toyota, pàápàá jù lọ àwọn ti ọdún 2007 àti 2008, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ń bẹ nígboro Ìbàdàn yìí tí wọ́n ń kó èyí tí ìpẹtà ti jẹ ṣásí rẹ̀, irin abẹ́ tó gbé gbogbo mọ́tò ró, wọlé. Wọ́n á da ọ̀dà dúdú bo abẹ́ rẹ̀, wọ́n á fọ ẹ́ńjìnì kó máa dán gbinrin, wọ́n á wá pe iye tí wọ́n ń pe ojúlówó. Mo ti fi ojú ara mi rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kì í ṣe pé mọ́tò náà ò dáa o. Èmi gan-an ń wa ọ̀kan, ti ọdún 2010, ẹ́ńjìnì 5.7 lítà. Àbíkẹ́yìn mi ṣì ń rá nílẹ̀ nígbà tí mo rà á, ó ti wọ girama báyìí. Mọ́tò yìí ti ru oúnjẹ adìẹ, ó ti ru pákó àti sìmẹ́ǹtì, ó ti gbé màlúù ìnáwó rí, ó sì ti kó àwọn alásè pẹ̀lú ìkòkò wọn lọ sí òde tí ọ̀nà rẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Wọ́tà pọ́ǹpù rẹ̀ jò, mo pààrọ̀ rẹ̀. Ti ṣọ́ọ̀kì àti bíréèkì, ìyẹn ò tó ohun tí à ń rò. Ẹnikẹ́ni ò tíì tú ẹ́ńjìnì tàbí jíà rẹ̀ wò. Epo ló ń mu, ẹni tó bá ní kò mu epo ń purọ́: táǹkì rẹ̀ ń gbà tó 100 lítà, látìgbà tí lítà kan sì ti kọjá ₦1,000 lọ́dún 2024, kí n tó gbéra lọ sí Ṣakí, mo ní láti kọ́kọ́ ṣírò. Ọ̀pọ̀ olóòótọ́ èèyàn ta tiwọn nítorí epo yìí nìkan ṣoṣo, nítorí náà kì í ṣe gbogbo èyí tó bá pọ́ọ́kú ló ní jìbìtì nínú.

Orúkọ rere yìí gan-an làwọn gbájúẹ̀ ń tà. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀ ni wọ́n á ti máa sọ ìtàn ọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó fi Tundra 2007 rin mílíọ̀nù kan máìlì. Òótọ́ ni ìtàn náà. Louisiana ni ọkùnrin ọ̀hún ń gbé, tuntun ló ra mọ́tò rẹ̀, ó sì pé mílíọ̀nù kan máìlì lọ́dún 2016 láìpààrọ̀ ẹ́ńjìnì. Iléeṣẹ́ Toyota gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n lè tú u wò, wọ́n sì fún un ní tuntun. Àmọ́ ohun méjì ni àwọn èèyàn wa kì í sọ. Àkọ́kọ́, ọkùnrin náà kì í jẹ́ kí àkókò sáfíìsì kọjá. Èkejì, yìnyín kì í sábà bọ́ ní Louisiana.

Ọ̀rọ̀ yìnyín yìí ni gbogbo wàhálà. Láwọn ìpínlẹ̀ tí òtútù ti ń mú ní Amẹ́ríkà, bíi Michigan, Ohio, Pennsylvania àti New York, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí mọ́tò má baà máa yọ̀. Omi iyọ̀ yẹn ló ń ta sí abẹ́ mọ́tò. Iwájú ṣásí Tundra ọdún wọ̀nyẹn jẹ́ irin tí inú rẹ̀ ṣófo bí àpótí, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lápá kan, ibi tí irin méjì bá sì ti lé ara wọn ni iyọ̀ ń há sí. Inú ló ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ wá síta. Toyota fúnra wọn mọ̀. Lọ́dún 2009, wọ́n ní kí àwọn tó ni Tundra ọdún 2000 sí 2003 ní 20 ìpínlẹ̀ olótùútù gbé e wá, nǹkan bíi 110,000 mọ́tò, nítorí ìpẹtà ṣásí tó lè mú kí táyà sípíà já bọ́ sójú títì tàbí kó ba páìpù bíréèkì jẹ́. Lọ́dún 2016, wọ́n tún gbà nílé ẹjọ́ láti ná tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là lórí ṣásí Tacoma ọdún 2005 sí 2010, Tundra 2007 àti 2008, àti Sequoia 2005 sí 2008. Wọ́n pààrọ̀ ṣásí fún àwọn kan. Èyí tí olówó rẹ̀ kò gbé lọ, tàbí tí àkókò ti kọjá lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń bọ́ sí gbàǹjo, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń fi mọ́tò ránṣẹ́ sílé ti ń rà á lówó pọ́ọ́kú.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe gààrí lápá Ìṣẹ́yìn ló kó sí wọn lọ́wọ́. Tundra 2007, àwọ̀ fàdákà, ilẹ̀kùn mẹ́rin. Ara rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ ń ta sánsán, máìlì rẹ̀ ò tíì pé 90,000. Bọ̀dá mi mú mẹkáníìkì lọ. Mẹkáníìkì gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì, ó fa ọ́ìlì wò, ó wà á yí àdúgbò ká, ó ní, “Ọ̀gá, kílíìn ni.” Kò bẹ abẹ́ rẹ̀ wò rárá. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ tán la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ẹni tó ń ta mọ́tò ti fi nǹkan sí mẹkáníìkì náà lápò kí wọ́n tó débẹ̀.

Lọ́jọ́ tí àṣírí tú, ẹ̀gẹ́ ló rù, kì í tilẹ̀ ṣe ẹrù tó pọ̀ jù fún píkọ́ọ̀pù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Bó ṣe bọ́ sínú kòtò kan lọ́nà Ìṣẹ́yìn sí Ọ̀yọ́, bọ̀dá mi gbọ́ “gbòlà!” lẹ́yìn. Ibi tí spíríńgì ẹ̀yìn lápá òsì ti so mọ́ ṣásí ló já, tòun ti irin ṣásí tó dì í mú. Bọ́dì ẹ̀yìn fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, táyà sì ń ha á. Ọlọ́run yọ ọ́ torí pé kò sáré. Wẹ́dà tí a pè wá ní òun á jó o pọ̀. Ibi tó ti kọ́kọ́ fi iná kàn, ihò mìíràn ló dá sí i. Ó sún síwájú díẹ̀, ihò. Ló bá pa iná, ó ṣí ìbòjú rẹ̀, ó ní, “Bàbá, bébà ni mo ń jó yìí o.” Nígbà tí a fi ọwọ́ họ ọ̀dà dúdú náà, ó ń ṣí kúrò pẹ̀lú irin lẹ́yìn rẹ̀.

A padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ó wò wá títí, ó ní ta ló ní ká fi ru ẹ̀gẹ́. Ó fi rìísíìtì hàn wá, ó ti kọ ọ́ sí i pé bí ẹni tó rà á ṣe rí i ló ṣe gbà á, ọjà tí òun bá sì ti tà kì í padà. Títí di òní, kò dá kọ́bọ̀ padà.

Nítorí náà, ẹ dùbúlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó wọ agbádá lọ ra mọ́tò ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò iṣẹ́ lọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti òòlù kékeré dání. Lára ṣásí tí iléeṣẹ́ kùn, ọ̀dà kì í dé ara rọ́bà, wáyà, páìpù bíréèkì tàbí orí nọ́ọ̀tì tí wọ́n dè mọ́ ọn lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀dà dúdú ti bo gbogbo wọn, tó fi mọ́ ṣéènì táyà sípíà, ẹnì kan ló fi ìkánjú kùn ún láìpẹ́ yìí, ẹ sì bi í ní ohun tó ń bò. Ẹ wá gbá ṣásí náà láti iwájú lọ sẹ́yìn, kì í ṣe pẹ̀lú agbára. Irin tó yè á dún “kángun-kángun”. Èyí tó ti jẹrà á dún “bù”, èèpo ìpẹtà á sì máa já bọ́ sí yín lójú, nítorí náà ẹ di ojú. Ẹ tẹra mọ́ ọn níbi tí spíríńgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn, lókè táyà sípíà, àti níbi tí bọ́dì ẹ̀yìn ti pàdé ilé ìjókòó. Ẹ fi ìka sínú àwọn ihò tó wà lára ṣásí, ẹ wo ohun tó bá a jáde. Bí òǹtajà bá pariwo pé ẹ fẹ́ ba mọ́tò òun jẹ́ pẹ̀lú òòlù, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín láti ibòmíràn, ẹ má sì jẹ́ kó mọ ibi tí ẹ ń lọ títí ẹ ó fi débẹ̀. Ẹ tún sanwó fún un dáadáa. Mẹkáníìkì tí ẹ fún ní owó ọkọ̀ lásán, ẹlòmíràn á bá yín san ìyókù.

Ti máìlì, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń yí i padà, 240,000 á sì di 88,000 kí ẹ tó jẹ ẹ̀bà tán. Ẹ má wo nọ́ńbà yẹn. Ẹ wo rọ́bà orí bíréèkì bóyá ó ti pẹ́lẹ́, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìjókòó díráífà níbi tí ìdí ti ń ha á. Bí rọ́bà náà bá tún jẹ́ tuntun lára mọ́tò 2007, ìyẹn náà ní láti kọ yín lóminú.

Èyí tó tún gbòde báyìí ni ọ́pígíréèdì. Wọ́n á gbé ojú Tundra 2014 lé ti 2007, wọ́n á sì tà á bíi 2014. Nọ́ńbà ṣásí ò mọ irọ́ pa: lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ẹ ka ìkẹwàá. 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, E ni 2014. Ẹ rí i pé èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú àti èyí tó wà lára férémù ilẹ̀kùn díráífà bára mu pẹ̀lú ti ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ odindi rẹ̀ sínú Google. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni fọ́tò ibi gbàǹjo á jáde, ẹ ó sì rí mọ́tò tí wọ́n ní kò ní jàǹbá rí tí iwájú rẹ̀ ti wọnú lọ, tàbí èyí tí omi àgbàrá ti dé ìjókòó rẹ̀. Ẹ ní kí ẹbí yín tó wà lọ́hùn-ún bá yín yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń sọ bí àtúnṣe tí iléeṣẹ́ pè é fún bá ṣì wà nílẹ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an fún ẹni tó ń wo ti 2022 àti 2023, tí wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnì 5.7 kúrò nínú rẹ̀: ní 2024, Toyota pe nǹkan bíi 102,000 mọ́tò padà, Tundra wọ̀nyí àti Lexus LX, nítorí pàǹtírí irin tó ṣẹ́ kù sínú ẹ́ńjìnì nígbà tí wọ́n ń ṣe é, tó lè mú kó kú lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá pè yín sí irú rẹ̀ ní ẹ̀dínwó tó pọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè yín.

Ó ku ti ẹ́ńjìnì 4.7. Àwọn Tundra 2007 sí 2009 kan wà tí ẹ́ńjìnì wọn jẹ́ 4.7, ẹ́ńjìnì tó dáa ni, àmọ́ bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnì (timing belt) ló ní, wọ́n sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo 90,000 máìlì. 5.7 ń lo ṣéènì. Àkọlé 5.7 tó wà lẹ́yìn mọ́tò, ẹ lè rí i rà ní Ládípọ̀, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun.

Ẹni tó bá ní Kùtọnù lòun ti wà á wọlé, ẹ sá. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tó bá fún yín, òun ló mọ ibi tó ti tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ ní kó kọ ọdún mọ́tò, nọ́ńbà ṣásí àti pé wọn ò jó ṣásí rẹ̀ rí sínú rìísíìtì, kó sì fọwọ́ sí i. Èyí tí kò bá fẹ́ kọ ọ́, ó ti dá yín lóhùn. Ẹ má sì gbà pé “ọjà kì í padà” lòfin: òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, ọ̀dọ̀ wọn náà la gbé ẹjọ́ bọ̀dá mi lọ.

Tundra fàdákà yẹn ò sí lọ́wọ́ wa mọ́. Ẹnì kan tó ní òun fẹ́ tú u tà ló gbé e lọ, a sì ti gbọ́ báyìí pé wọ́n ti rí i níbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò, wọ́n tún ti kùn ún. Bí wọ́n bá ń fi 2007 aláwọ̀ fàdákà tàn yín lọ́wọ́ báyìí, ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà ṣásí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó san ohunkóhun. Ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo máa fi wé e lójú ẹsẹ̀.