PACER lábẹ́ àyẹ̀wò: ìwé ẹjọ́ wà ní gbangba, ẹni tó ta ọlọ́pàá lólobó ńkọ́?

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ka ìwé ẹjọ́ ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, PACER, ìkànnì ìwé ẹjọ́ àwọn ilé ẹjọ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló máa gbà wọlé. Láti 1988 ni àwọn ilé ẹjọ́ náà ti gbé e kalẹ̀, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń fi wáyà tẹlifóònù pe ara wọn. Lónìí, ẹni tó wà n'Íbàdàn tàbí ní London lè forúkọ sílẹ̀, kó fi káàdì báńkì sí i, kó sì jókòó sínú yàrá rẹ̀ máa ka ìwé ẹ̀sùn, ìwé ìbúra ọlọ́pàá, àdéhùn ìjẹ̀bi (èyí tí olùjẹ́jọ́ bá ìjọba ṣe pé òun jẹ̀bi) àti ìdájọ́. Àwọn ará Nàìjíríà tó ka ìwé ìbúra FBI lórí ẹjọ́ Ramon Abbas, ìyẹn Hushpuppi, ní 2020 mọ irú ìwé tí à ń wí: ó ń ròyìn ọ̀rọ̀ fínnífínní. Fínnífínní yẹn ló ń dùn mọ́ òǹkàwé, òun náà ló sì lè kó bá ẹni tó ta ọlọ́pàá lólobó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti owó. Sẹ́ńtì mẹ́wàá ni ojú ewé kan, ìwé kan kò sì ní ju dọ́là mẹ́ta lọ bó ti wù kó gùn tó. Bí ohun tẹ́ ẹ kà láàárín oṣù mẹ́ta kò bá ju 30 dọ́là lọ, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ìwákiri ni owó ti ń jò. Òpin dọ́là mẹ́ta yẹn kò kan wíwá orúkọ kiri, kò sì kan àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu inú kóòtù. Ẹ wá orúkọ tí kò sí níbẹ̀, wọ́n á ṣì ka ojú ewé kan sí yín lọ́rùn. Ẹ tún ṣí ìwé tẹ́ ẹ ti sanwó rẹ̀ lánàá, wọ́n á tún gbà á. Torí náà, gbogbo PDF tẹ́ ẹ bá ṣí, ẹ tọ́jú rẹ̀. Bó bá jẹ́ dọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àtòkọ gbogbo ìwé inú ẹjọ́, ti ẹjọ́ tó ti pẹ́ lẹ fẹ́ wò, ẹ kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí sínú àpótí rẹ̀ kó má bàa da gbogbo ẹ̀ lé yín lórí. RECAP, ohun èlò tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ bíráúsà, yóò jẹ́ kẹ́ ẹ rí èyí tí ẹlòmíì ti rà tẹ́lẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn oníbàárà ti pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí owó yìí rí, 125 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n fi parí ẹ̀ ní 2024.

Ìwé wà ní gbangba nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kí agbẹjọ́rò ìjọba máa bá ọ̀daràn dúnàá dúrà ní kọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gé ẹ̀wọ̀n ogún ọdún sí mẹ́rin fún ẹnì kan, ó yẹ kí ará ìlú mọ ohun tó fà á. Láti 1986, nínú ẹjọ́ Press-Enterprise, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ní adájọ́ kò lè kàn ti ìlẹ̀kùn, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí pàtó kó tó tì í. Àmọ́ nínú ẹ̀wọ̀n, ìwé yìí kan náà ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n fi ń yẹ ẹni tuntun wò, bóyá ó ta ẹnì kan lólobó. “Mú ìwé ẹ jáde.” Bí kò bá rí i mú jáde, àwọn tó wà níta á bá wọn wò ó lórí PACER. Ìwádìí tí Federal Judicial Center, àjọ ìwádìí àwọn ilé ẹjọ́ náà, gbé jáde ní 2016 rí i pé, láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ó kéré tán ìgbà 571 ni wọ́n halẹ̀ mọ́ olùjẹ́jọ́ tàbí ẹlẹ́rìí tàbí ṣe wọ́n léṣe nítorí pé wọ́n fura pé wọ́n ń ran ìjọba lọ́wọ́.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé orúkọ kọ́ ló sábà máa ń tú àṣírí. Òfin 49.1 nínú ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2007, sọ ohun tí lọ́yà gbọ́dọ̀ gé kúrò: nọ́ńbà ìdánimọ̀ àfi mẹ́rin tó kẹ́yìn, ọjọ́ ìbí àfi ọdún, orúkọ ọmọdé, nọ́ńbà àkáǹtì, àdírẹ́sì ilé. Ẹni tó ń ta ọlọ́pàá lólobó kò sí nínú ẹ̀. CS-1 tàbí CHS-1 ni ìwé ìbúra máa ń pè é, ẹ wá wo ohun tó lè tẹ̀ lé e: CS-1 ti ṣẹ̀wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó ra 28 gíráàmù kokéènì lọ́wọ́ olùjẹ́jọ́ ní ọjọ́ báyìí, nínú ọkọ̀, níwájú ṣọ́ọ̀bù báyìí, àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú ọkọ̀ náà. Kí ni CS-1 wá fi pamọ́? Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò ju “láàárín oṣù náà, CS-1 ra oògùn olóró lọ́wọ́ olùjẹ́jọ́” lọ. Ọjọ́, ìwọ̀n àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ lè lọ sínú ìwé ọ̀tọ̀ tí adájọ́ fi èdìdì dì.

Dúdú tí wọ́n fi ń bo ọ̀rọ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí lọ́yà bá kàn ya àpótí dúdú sórí PDF, ọ̀rọ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀, ẹni tó bá dà á kọ síbòmíì á kà á ketekete. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí àwọn lọ́yà Paul Manafort, tó ti ṣe alága ìpolongo ìbò Trump rí, nìyẹn ní oṣù kìíní 2019. Ẹ pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú ìwé ìpilẹ̀ṣẹ̀, kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ di PDF. Lẹ́yìn náà, ẹ yan gbogbo ojú ewé, ẹ dà á kọ sínú Notepad, kẹ́ ẹ wo ohun tó jáde, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

Èyí tó le jù ni dọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní kóòtù mìíràn, ìwé tí wọ́n tì pa kì í hàn rárá, àmọ́ nọ́ńbà á fò láti 41 bọ́ sí 43. Ní òmíràn, wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà pé “Sealed”. Lójú ẹlẹ́wọ̀n tó ń wá ọ̀tá, ó parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ìwé dókítà lè ni, tàbí ìbéèrè owó tí lọ́yà tí ìjọba gbà fún tálákà kọ. Ẹni tí kò tiẹ̀ ta ẹnikẹ́ni lólobó lè ti ibẹ̀ fara gbọgbẹ́.

Ní 2007, ilé ẹjọ́ Gúúsù Florida yọ gbogbo àdéhùn ìjẹ̀bi kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2009, wọ́n dá a padà. A ò rò pé àṣẹ yẹn dára, torí ó fi ìyà jẹ oníròyìn àti akẹ́kọ̀ọ́ nítorí ìwé díẹ̀. Ìtọ́ni tí ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ ṣe ní 2016 dára jù ú lọ: kí gbogbo àdéhùn ìjẹ̀bi ní apá tó ṣí sílẹ̀ àti àfikún tí wọ́n tì pa, ì báà jẹ́ pé ohun tó wà nínú àfikún náà kò ju “kò sí àdéhùn ìrànlọ́wọ́” (pé olùjẹ́jọ́ máa ran ìjọba lọ́wọ́) lọ, kí adájọ́ sì bá lọ́yà sọ̀rọ̀ ní bòńkẹ́lẹ́ nígbà ìdájọ́ gbogbo ènìyàn. Bí fáìlì gbogbo wọn bá ti rí bákan náà, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni máa nàka sí. Ibi tó kù sí ni pé ìtọ́ni ni, kì í ṣe òfin, kóòtù kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe é bó ṣe wù ú.

Títì pa gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ dájú mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, lẹ́yìn tí àwọn agbófinró kọ̀ǹpútà gba inú sọ́fítíwíà iléeṣẹ́ SolarWinds wọlé sí kọ̀ǹpútà ìjọba, wọ́n ní kí lọ́yà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìwé tó lẹ́lẹ́gẹ́ jù wá, lórí bébà tàbí fíláàṣì, kí kóòtù tọ́jú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tí kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kẹjọ 2025, wọ́n tún kéde ìkọlù mìíràn. Fún ìwé tó bá dárúkọ atanilólobó, bébà ni ká máa lò.

Bá a bá ní ká fún PACER ní ìràwọ̀, mẹ́rin nínú márùn-ún ni fún òǹkàwé, méjì péré fún ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ so mọ́ ìwé náà.

Fún lọ́yà, àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu ni kẹ́ ẹ má ṣe gbàgbé, torí ibẹ̀ ni adájọ́ ti máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olùjẹ́jọ́ fún ìrànwọ́ rẹ̀. 90 ọjọ́ ni yóò fi wà nílé ẹjọ́ kó tó bọ́ sórí PACER. Ọjọ́ méje lẹ ní láti sọ pé ẹ fẹ́ gé nǹkan kúrò, 21 láti tọ́ka sí ibi tó wà. Àtòkọ 49.1 nìkan sì ni ìyẹn kàn. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ lẹ fẹ́ yọ, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ọ̀tọ̀ sí adájọ́ láàárín ọjọ́ 21 yẹn kan náà.